Eégbọn Ni, Kì í Ṣe Àádùn Ìyá Kékeré

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ̀ ń gbà lé mi lórí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti dọ̀bálẹ̀, torí wọn ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mo júbà. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi àti gbogbo ìyàwó ilé. Tísà tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kà á nínú yàrá. Ẹ gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ kà á sókè kí ará ilé gbọ́, kí ẹni tó ń kọjá lọ náà dúró kó gbọ́. Lẹ́tà gbangba ni. Gbangba ni wọ́n ti lé èèyàn kúrò nílé, mi ò lè wá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un. Tí ẹ bá sì rí ibi tí mo ti kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, ẹ má bú mi, ẹ mọ ìwé tí mo kà mọ.

Mi ò kú. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ráṣídì yín ṣì wà láyé, èmi tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń pè ní Íńjìnì, èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Boundary dé Àpápá láìmí gúlegúle. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àpápá níbí ni mo wà. Wọ́n lẹ waya mọ́ mi láyà bí ẹni pé mo fẹ́ máa gbé rédíò sáfẹ́fẹ́. Bàbá Kàfí tó ń fi lọ́rì kó iṣu wá láti Ṣakí ti jíṣẹ́ yín fún mi. Ó ní ẹ gbọ́ pé mo jẹ àádùn tí Ìyá Kékeré fi ránṣẹ́, mo sì ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní ẹ ké pé ọwọ́ Ìyá Kékeré ni, ẹbí pé jọ, wọ́n ní kí Ìyá Kékeré kó ẹrù ẹ̀ máa lọ sílé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìgbòho, kó má padà títí ẹsẹ̀ mi á fi tẹlẹ̀.

Ìyá mi, Ìyá Kékeré kọ́ ló ṣe mí. Eégbọn ló ṣe mí. Eégbọn, bẹ́ẹ̀ ni mo wí, irú èyí tí ẹ máa ń já lára ajá. Àmọ́ ti èmi, Amẹ́ríkà ló ti jẹ mí. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ aṣọ ìbora bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo bá ọkọ̀ òkun lọ láti Àpápá, abọ́ ni wọ́n gbà mí pé kí n máa fọ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ọṣẹ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń retí ọṣẹ. Iṣẹ́ tí mo rí níbẹ̀ ni ká máa ro igbó láyìíká ilé àwọn olówó. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ilé gíga ni gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n tàn yín ni. Igbó ń bẹ níbẹ̀ tó ju ti Ṣakí lọ. Àgbọ̀nrín ń rìn lẹ́yìn ilé èèyàn bí ewúrẹ́ ṣe ń rìn ní Ajégúnlẹ̀, ẹnì kan ò sì ju òkúta lù ú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo bi ọ̀gá mi pé ṣé ó ní ẹni tó ni ín ni. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó jẹ́ kí n sè lára àwọn ọmọ ẹ̀.

Ọ̀gá náà máa ń ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kó tó wọgbó, nínú ooru. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí. Ó ní eégbọn ni òun ń sá fún, kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní eégbọn kẹ̀? Mo ní kó bá mi dé Malu Road lọ́jọ́ kan kó wá wo eégbọn lára màlúù, èyí tó mu ẹ̀jẹ̀ yó tó tóbi bí ẹ̀wà, tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Mo ní eégbọn wo ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tó fẹ́ ṣe ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan. Ṣòkòtò péńpé ni mo fi ń wọgbó, mò ń fò sókè-sódò. Ìyá mi, eégbọn tiwọn kéré ju hóró yánmọtí lọ. Á gùn yín, á mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé àlejò wọlé. Wọ́n ní lára eku ló ti máa ń kó kòkòrò àìsàn, àgbọ̀nrín á wá máa gbé e káàkiri igbó.

Nígbà tó yá, mo rí nǹkan roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi. Ó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, etí ẹ̀ ṣókùnkùn, àárín ẹ̀ ń mọ́. Kò yún mi, kò dùn mí. Ẹ bá mi wá ọmọ Yorùbá kan tó máa rí nǹkan roboto lára tí kò ní pè é ní làpálàpá. Mo ti fẹ́ bá ará Gánà tí a jọ ń gbé jà, mo ní tówẹ̀lì ẹ̀ ni mo ti kó o. Mo wá ewé asúnwọ̀n títí, wọn ò mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà. Ni mo bá fi kànìnkànìn ha á, mo ra oògùn làpálàpá, mo fi pa á láàárọ̀, mo fi pa á lálẹ́. Ó parẹ́. Mo ń pe ara mi ní dókítà. Àṣé kò lọ síbì kankan, inú ló wọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni ara mi gbóná, orí ń fọ́ mi, gbogbo oríkèé ń ro mí. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń lọ sókè òkun tí kò ní di kulorokúìnì mọ́ ẹrù. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣìkírá, rà fún mi ṣì wà nínú àpò. Ibà ni, kí ló tún kù? Mo gbé e mì. Ó yún mi débi pé mo ń fẹ̀yìn ha ògiri bíi màlúù. Ooru ara lọ, mo dìde, mò ń yangàn fún ará Gánà pé ibà Èkó mọ àdírẹ́sì mi, ó wá mi débẹ̀, mo sì tún lé e padà. Ẹ ò rí i pé olè wọ ilé mi tán, ẹlòmíràn ni mo lọ mú. Ibà inú eégbọn ni, oògùn ẹ̀fọn ni mo fún un.

Ìgbà tí mo padà dé sí Èkó pẹ̀lú mótò tòkunbọ̀ tí mo rà, ẹ retí mi ní Ṣakí títí ẹ ò rí mi. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ fọn fèrè mótò wọ àdúgbò ni, kí àwọn tó ní n ò lè dà nǹkan kan jáde wá wò mí. Àmọ́ wọn ò tí ì tú mótò sílẹ̀ ní wáàfù. Òní, ìwé yìí ò pé. Ọ̀la, ẹni tó máa fọwọ́ sí i lọ síbi ìsìnkú. Ilé Àǹtí Ṣìkírá ni mo ń sùn sí. Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, á fún yín lóúnjẹ, á sì fi ìwàásù jẹ ẹ́ pẹ̀lú yín. Òjò ọdún yìí ò mọ̀ pé àwa ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ rárá, ó kàn ń wọ yàrá bí onílé. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, bàtà mi léfòó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará yàrá kejì, wọ́n bá mi fi ọ̀wọ̀ gbé e padà.

Níbi tí mo ti ń lé ìwé mótò kiri yìí ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Àwọn àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tó wà ní Warehouse Road, èmi tí mo máa ń fò wọ́n ní méjì-méjì, mo wá ń dúró láàárín, mo ń díbọ́n pé mò ń ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ojú mi á ṣú. Àyà mi á lù gbì, á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, mo ń retí kó tún lù. Ìyá alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu tiẹ̀. Àǹtí Ṣìkírá ní àìsùn àti ìrìnkurìn ni, mo gbọ́ tiẹ̀. Sọ́ńdè, ọ̀rẹ́ mi, ní ìfẹ́ obìnrin ni. Sọ́ńdè yìí, Marine Beach ni wọ́n bí i sí, apẹja ni bàbá ẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá dénú, àmọ́ kò sí orúkọ oúnjẹ wa kan tí kò mọ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni Bàbá Kàfí gbé àádùn Ìyá Kékeré dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń dì í, ewé lórí ewé, á wá fi òwú dúdú wé e yíká, á ta á ní kókó tí ẹlòmíràn ò lè tú àfi èmi. Mo ti jẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà tó tutù bí ara òkú. Nígbà tí òórùn àgbàdo yíyan àti epo yẹn bọ́ sí mi nímú, mo sọ ohun tí mi ò ní kọ síbí. Èmi àti Sọ́ńdè jókòó tì í. Sọ́ńdè jẹ jù mí lọ. Ó ní abeg, kí n bá òun bi màmá yẹn bóyá ó ní ọmọbìnrin tí wọn ò tí ì fẹ́. Mo ní ó ní mẹ́ta, àmọ́ àwọn ọkọ wọn ò ní gbà. Díẹ̀ ṣẹ́ kù, Àǹtí Ṣìkírá gbé e sórí àjà.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Sọ́ńdè ń lọ ní Warehouse Road, a rí àwọn mótòbọ́yì tó ń bá táyà tírélà jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ mọ̀ mí. Mi ò lè rí ẹrù kí n má dá sí i. Mo ní kí wọ́n bì sẹ́yìn, kí wọ́n wo Íńjìnì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di táyà mú, mo gbé e dé orókún. Ohun tó tún kàn mí ni òórùn epo ọkọ̀ àti omi tí ẹnì kan ń dà sí mi lójú. Sọ́ńdè ń pe Jésù, mótòbọ́yì kan ń pe Ọlọ́hun ní Lárúbáwá, ìyá oníresì kan ń sọ pé kí wọ́n bọ́ bẹ́líìtì mi. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó irin ni wọ́n fi tì mí wá síbí. Sọ́ńdè ní bí wọ́n ṣe ń tì mí lọ, àwọn èèyàn ń bi í pé èló ló fẹ́ ta irin náà.

Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó wo aago ẹ̀, ó gbọn aago náà, ó tún wò ó. Ó rò pé aago ló ń sáré, ọkàn mi ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó sáré lọ pe dókítà. Obìnrin ni dókítà yìí, ìyá tó tó yín lọ́jọ́ orí, ara iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn atukọ̀. Ó lẹ waya mọ́ mi, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà sórí bébà, òkè, ilẹ̀, òkè, bí ìgbà tí ọmọ kéú bá ń tòògbé lórí wàláà. Ó wo bébà náà pẹ́. Ó bi mí bóyá àyà máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá o, mo ní ara tí mo kó ti Amẹ́ríkà bọ̀ ni, irin ni. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Ló bá gbójú sókè. Ó ní Amẹ́ríkà ibo, ìgboro ni àbí inú igbó? Mo ní inú igbó. Ó ní ṣé mi ò rí nǹkan roboto kankan lára mi? Mo ní làpálàpá lásán ni. Ó gbé gègé sílẹ̀, ó tún gbé e fún mi, ó ní kí n yà á fún òun bó ṣe rí.

Mo yà á. Ó ní kì í ṣe làpálàpá. Ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní Láìmù ni, orúkọ ìlú kan lọ́hùn-ún ni wọ́n fi pè é, ara eégbọn ló ti ń ranni. Ó ní òun ti rí irú ẹ̀ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Kò purọ́ fún mi o. Ó ní òun ò ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi í hàn ní Èkó níbí, àmọ́ igbó tí mo wọ̀, àmì ara mi, àti bí ọkàn mi ṣe ń lù, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń nawọ́ sí, òun ò sì ní dúró máa wò mí níran.

Ẹ wá gbọ́ bí eégbọn ṣe dé ọkàn, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á bèèrè lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ọkàn èèyàn ní yàrá lókè, ó ní yàrá nísàlẹ̀. Tòkè ló máa ń kọ́kọ́ lù, á wá fi ìró ránṣẹ́ sí tìsàlẹ̀ pé ó yá, ìwọ náà lù. Ọ̀nà kan wà láàárín wọn tí ìró náà ń gbà. Kòkòrò tí eégbọn pọ̀ sí mi lára wọnú ẹ̀jẹ̀, ó rìn títí ó dé ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ wú. Ìró kan á kọjá, òmíràn á há sọ́nà. Mo ní kí dókítà dúró, mo ní ó ti yé mi. Mo ní ṣebí tírélà Malu Road nìyẹn. Mótòbọ́yì wà lẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà wà níwájú. Mótòbọ́yì á lu bọ́dì ọkọ̀ gbà-gbà, pé máa lọ. Tí dẹ́rẹ́bà ò bá gbọ́, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Epo wà, táyà le, íńjìnì ò bàjẹ́, ìró ni ò dé iwájú. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun á ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn láti òní lọ. Mo ní kó máa dárúkọ mi o.

Ó ní táwọn èèyàn bá tètè mọ̀ ọ́n, ó ń lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún mi lójoojúmọ́, inú omi tí wọ́n so kọ́ ló ń gbà wọ ara mi. Oògùn náà ló ń pa kòkòrò, tó bá ti kú tán, ibi tó wú á sọ̀, ọ̀nà á là, mótòbọ́yì àti dẹ́rẹ́bà á máa gbọ́ ara wọn. Tó bá ṣe pé kò tètè sọ̀, wọ́n á gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan bá ọkàn mi lù ú fúngbà díẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ní agbo ni máa máa mu lọ, ọkàn náà lè dá dúró lọ́jọ́ kan, kó má sì dágbére. Ìdí tí mi ò fi lè tẹ̀lé lọ́rì tí ẹ ní kó gbé mi wálé nìyẹn.

Wọ́n ní kí n má rìn. Ìyá mi, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ yẹn? Èmi. Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun láti ojú fèrèsé, mo ń rí kéréènì tó ń gbé ẹrù, ọwọ́ mi ń yún mi. Mótò mi wà níbẹ̀, òjò ń pa á, mo wà níbí, wọ́n ń fi abọ́ bọ́ mi. Ní Amẹ́ríkà mo lè lọ láti àárọ̀ dé alẹ́ kí n má gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo máa ń bá ara mi sọ ọ́ nínú igbó kó má baà dípẹtà. Mo rò pé ìyẹn ni ìdánìkanwà. Ó wá yà mí lẹ́nu pé ó tún wà ní Àpápá, tó kù díẹ̀ kí n dé Ajégúnlẹ̀. Mo ní kí Sọ́ńdè máa bá mi sáré láàárọ̀, kó wá máa ròyìn ibi tó dé. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun lọ, mo mọ̀ pé kò lọ.

Inú àìlèrìn yìí ni mo wà tí Bàbá Kàfí fi dé pẹ̀lú iṣẹ́ yín. Ìlà orí bébà ẹ̀rọ fẹ́ẹ̀ kúrò lórí bébà. Bí mo ṣe ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì, Àǹtí Ṣìkírá wà níbẹ̀, ó gbójú sílẹ̀. Òun ló fi ọ̀rọ̀ àádùn náà ránṣẹ́ sí yín, ó rò pé ó dáa lòun ń ṣe. Ó tún gbé èyí tó ṣẹ́ kù dání nínú láílọ́ọ̀nù, ó ta á ní kókó méje bí ẹni tó de ejò, pé kí Bàbá Kàfí gbé e wá fún yín kí ẹ fi han alùfáà. Sọ́ńdè ní Sister, mo jẹ ẹ́ ju Íńjìnì lọ, àná ni mo gba góòlù méjì sáwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọn ò dárúkọ Sọ́ńdè sí i ni. Sọ́ńdè ní ṣé àádùn ń ka orúkọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, kó lọ pẹja.

Mo ní kí ó gbé e wá. Kò gbé e wá. Mo ní màá yọ waya tí kò bá gbé e wá. Dókítà wọlé lórí ariwo wa, ó bèèrè ohun tó dé, mo rò ó fún un. Ó ní kí wọ́n tú láílọ́ọ̀nù náà. Ó bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní àgbàdo, epo, iyọ̀, ata. Ó ní òun ò rí nǹkan tó lè dá ọkàn dúró níbẹ̀. Ó mú díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó ní ata pọ̀. Mo ní bí Ìyá Kékeré ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, torí èmi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àǹtí Ṣìkírá kọjú sí ògiri, ó ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ yẹn ń ya ìlà ẹ̀ lọ, kò yára, kò falẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán, mo gbọn ewé sẹ́nu, mo lá ìka. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà. Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó jókòó, ó sunkún. Nígbà tó yá, ó fi ìka ra epo tó kù lára láílọ́ọ̀nù, ó fi sẹ́nu, ó ní lóòótọ́, ata pọ̀.

Àtìgbà yẹn, oògùn ti ṣiṣẹ́. Dókítà fi bébà tuntun hàn mí láàárọ̀ àná, ó ní tòkè ń pè, tìsàlẹ̀ ń dáhùn, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn ni, bí ẹni tí wọ́n pè lójú oorun. Àádùn kọ́ ló wò mí o, ẹ má lọ máa tà á lóògùn ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n kò pa mí.

Ìyá mi, mi ò bá yín wíjọ́. Ẹ̀rù ló bà yín. Wọ́n ní ọmọ yín ṣubú, kò sí ìyá tó máa gbọ́ ọ tí kò ní wá ibi tó máa di mú. Wọ́n ní torí Ìyá Kékeré ò bí ọkùnrin ni. Ṣé kò bí ọkùnrin? Ta ni ń jẹ́ èmi? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi pé nígbà tí àìsàn ìta mú mi ní kékeré, tí ẹ wà lọ́nà ọjà Òkèhò, tí odò kún tí ẹ ò lè sọdá, àyà ẹ̀ ni mo sùn sí títí ẹ fi dé. Ẹ ní bí ẹ ṣe wọlé, kò sọ ju pé mo ti jẹun. Bàbá Kàfí sì sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò mọ̀ bóyá ó sọ fún yín. Ó ní ọjọ́ tí Ìyá Kékeré ń kó ẹrù lọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò ṣépè. Ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, ó bi òun bóyá mo ṣì ń mí.

Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ mú un wá, Ìyá mi. Ẹ má rán ọmọdé. Tí Bàbá bá rán ẹnì kan, ó máa bọ̀, torí ó ń bẹ̀rù Bàbá, ṣùgbọ́n kò ní bọ̀ tán. Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin náà lẹ lè gbé e kúrò nílẹ̀. Mo fi nǹkan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ó wà nínú páálí kékeré lọ́wọ́ Bàbá Kàfí. Ewé tó fi dì í ni, àti òwú dúdú yẹn. Mo ti fọ̀ ọ́, kò sí hóró kan nínú ẹ̀. Ẹ mú un dání lọ sí Ìgbòho. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, á wo ewé, á mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ tán. Òwú yẹn, ẹ sọ fún un pé kókó ẹ̀ ṣì ń yọ mí lẹ́nu láti tú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró tí ẹ ń gbọ́, ẹni tó bá ń lọ sí igbó Amẹ́ríkà nínú yín, kó ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀, kó yẹ ara ẹ̀ wò tó bá jáde. Tó bá rí roboto lára, kó má fi kànìnkànìn ha á, kó gbé e lọ han dókítà. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, mo ti rí i fún yín.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ilé ò ní dà, ẹbí ò ní tú. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àti ẹni tó ń mì orí lábẹ́ igi tí kò gbà mí gbọ́, ẹ kí òun náà, ẹ ní kó wá wo bébà ẹ̀rọ. Àǹtí Ṣìkírá kí yín. Sọ́ńdè kí yín, ó ń bèèrè ìgbà tí àádùn mìíràn máa dé. Mo ní ó dọwọ́ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan àgbàdo, kí Ìyá Kékeré lọ̀ ọ́, kí ẹ jọ dì í. Warehouse Road, níbi tí mo ti ṣubú gan-an, ni màá ti jẹ ẹ́, ní ìdúró.

Èmi ni, ọmọ yín, ẹ̀yin méjèèjì,
Ráṣídì.